Ọmọ mi ní òun kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́: ṣé ìwé ló fà á?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Adó-Èkìtì ni à ń gbé, ní Ajílòsun. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì ní Ọyẹ́ délé fún ìsinmi, ìgbà tí a ń jẹun alẹ́ ló sọ fún wa pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà mọ́. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ti búra pé òun ò ní san owó ilé-ìwé sáà tó ń bọ̀ àfi tó bá tẹ̀lé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé àkàjù ló ti yí i lórí. Àwọn ìyá ìjọ ní kí n mú un lọ sí orí òkè fún ìtúsílẹ̀. Èmi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ tí a jọ tọ́ nínú ilé kan náà, kí ló ń mú kí ọ̀kan gbà gbọ́ kí èkejì má gbà?

* * *

Ẹ san owó náà, mà. Ohun yòówù tí a bá tún jọ sọ níhìn-ín, ìyẹn ni kó ṣáájú. Bí ọmọ yín bá tẹ̀lé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí owó ilé-ìwé, irọ́ pípa lẹ kọ́ ọ, inú ilé Ọlọ́run gan-an lẹ sì ti kọ́ ọ.

Onígbàgbọ́ ni mí. Mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, báyọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama ní Èkìtì yìí, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin títí di òní. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀yìn àwọn tó ń bá Ọlọ́run jà ni mo wà.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí ẹ̀gbọ́n yín sọ kò tọ̀nà. Bí ìwé bá ń pa ìgbàgbọ́, ṣọ́ọ̀ṣì Èkìtì ì bá ti di ahoro látijọ́. Ọwọ́ kan náà ló mú ìwé àti ẹ̀sìn Kristi wọ ilẹ̀ wa. Ogun Kírìjì tí Èkìtì bá Ìbàdàn jà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Lára àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti kó lẹ́rú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n padà wálé pẹ̀lú ẹ̀sìn tuntun, tí wọ́n sì ń kọ́ ará ilé wọn ní A-B-D. Nígbà tó di 1933, Archdeacon Henry Dallimore ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, dá ilé-ìwé tó di Christ's School sílẹ̀ ní Adó. Àdúrà àárọ̀ àti ìṣirò, ilé kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tí a fi ń yangàn ló gba ibẹ̀ kọjá, mo sì mọ èyí tó ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi nínú wọn. Ẹ tún wo Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n bí ní 1922. Òun náà kàwé, ó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956, kò sì fi ẹ̀sìn kankan sí i, nítorí kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ìwé wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ibi tí wọ́n gbà lọ sì yàtọ̀.

Ohun tí èmi rí ni pé ilé ni ọ̀pọ̀ wa ti bá ìgbàgbọ́. Kò sí ẹni tó jókòó kó ẹ̀rí jọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ìyá mi ń gbàdúrà kílẹ̀ tó mọ́, mo gbẹ́kẹ̀ lé ìyá mi, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Aládùúgbò mi tí bàbá rẹ̀ jẹ́ lèmọ́mù gbẹ́kẹ̀ lé bàbá rẹ̀ bákan náà. Bó bá jẹ́ ojúlé tiwọn ni wọ́n bí mi sí, mọ́ṣáláṣí ni ǹ bá máa lọ lónìí, kò sì sí ìtìjú nínú kí n gbà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má bi ọmọ yín pé kí ló kà. Ẹ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ẹ tó fèsì.

* * *

Ẹnìkan fèsì sábẹ́ ìdáhùn mi pé kí a wo òṣùpá, kí a wo ọmọ tuntun, pé ẹni tó bá rí wọn tí kò mọ̀ pé ẹnìkan ló dá wọn, aṣiwèrè tí Sáàmù 14 sọ ni. Àwọn mẹ́ta mìíràn ṣe àmín sí i.

Ẹ̀yin ará, ẹ rọra. Ẹ má pe ọmọ ọlọ́mọ ní aṣiwèrè níwájú ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀rí náà fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la mọ Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn wá pàdé ara wọn. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní ìyàwó méjì tó wà nílé ọkọ kan ló di odò, èyí tí inú rẹ̀ gbóná di omi gbígbóná. Ẹni tó mọ ìmọ̀ ilẹ̀ yóò sọ fún yín pé omi òjò ló ń gba inú pàlàpálá àpáta wọlẹ̀ jìnnà, ooru inú ilẹ̀ á mú un gbóná, á sì tún bá ọ̀nà mìíràn jáde. Èmi lè gbọ́ ìyẹn kí n ṣì yin Ọlọ́run ní Ìkógòsì. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti kọ́ ọmọ pé gbígbóná omi yẹn ni ẹ̀rí pé Ọlọ́run wà, ọjọ́ tó bá kọ́ nípa ooru inú ilẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó fi Ọlọ́run tí mo fún un ṣe?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, wọn kì í dárúkọ ṣọ̀pọ̀nná lọ́sàn-án, Olóde ni wọ́n ń pè é. Bó bá wọlé, a jẹ́ pé inú ń bí òrìṣà, àwọn aworo rẹ̀ ló sì ń kó ẹrù ẹni tó bá kú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé àrùn náà lọ. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé. Àwọn tó ń bọ Ọbalúayé, òrìṣà yìí kan náà, kò tán síbẹ̀. Ẹ rò ó wò: ohun tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí bí ẹ̀rí agbára rẹ̀ lọ, ìgbàgbọ́ kò bá a lọ. Ìdí ni pé ohun mìíràn tún wà tó so wọ́n mọ́ ọn, ìyẹn ìdílé, orin, oríkì, àti ọdún tí wọ́n jọ ń ṣe.

Ti àbíkú ló dùn mí jù. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Málọmọ́, mo ní èyí tó ń jẹ́ Dúrójayé. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí òkú ọmọ nígbà náà: wọ́n á kọ ọ́ lábẹ, wọ́n á gé ìka rẹ̀, kó má baà tún padà wá. Ìyá tó bí i yóò sì máa gbọ́ pé ẹgbẹ́ ọmọ náà lọ́run ló ń pè é. Kì í ṣe gbogbo wọn ni àrùn fònìkú-fọ̀ladìde pa, ibà àti èéyi náà pa ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló pa púpọ̀ nínú àwọn tó ń kú léraléra nínú ilé kan ṣoṣo. Bí ọkọ bá jẹ́ AS tí ìyàwó náà jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Mo kọ ọ́ sójú pátákó lọ́dọọdún, ìgbà gbogbo ni ọmọ kan máa ń dúró lẹ́yìn kíláàsì láti béèrè nípa àbúrò rẹ̀ tó kú. Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so tọkọtaya pọ̀ ní Adó láìrí èsì jẹ́nótáìpù wọn. Àwọn àlùfáà gbà pé Ọlọ́run wà, wọ́n sì tún gbà pé ẹ̀jẹ̀ ló ń pa ọmọ. Inú mi dùn sí i.

Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá fi Ọlọ́run kọ́ sí ibi tí òye wa kò dé, ibẹ̀ á máa kéré sí i lọ́dọọdún. Irú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ọyẹ́ lè fi sílẹ̀ láì jìjàkadì.

* * *

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ sáyíkọ́lọ́jì sọ pé ọpọlọ ló ń fa ìgbàgbọ́, pé bí a ṣe dá wa ni. Ọdẹ tó gbọ́ kí ewé mì lóru, tó rò pé ẹranko ni, tó sá, yóò yè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tó rò pé afẹ́fẹ́ ni nígbà tó jẹ́ ẹkùn kò ní bímọ mọ́. Nítorí náà ni àwa ọmọ wọn ṣe ń rí ẹni nídìí ohun gbogbo.

Àlàyé tó dára ni, mo sì rò pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Justin Barrett, ọ̀kan lára àwọn tó gbé e jáde jù lọ, onígbàgbọ́ Kristi ni. Ìdí tí a fi ń retí ẹkùn kò sọ fún wa bóyá ẹkùn wà nínú igbó. Ọ̀rọ̀ yìí kò dá ẹ̀gbẹ́ kankan láre.

* * *

A wá dé orí ìwòsàn, ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan láti Ẹ̀fọ̀n ní kí n ṣọ́ra, nítorí ìlú wọn ni Wòlíì Babalọlá sùn sí.

Mà, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ìlú yín fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń gbà gbọ́. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà ní 1928 nígbà tó ní òun gbọ́ ìpè. Ní 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, ọdún yẹn náà ló sì dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Àwọn ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ìlú jíjìn, wọ́n gbé omi dání fún àdúrà, wọ́n sì kó òògùn ilé wọn wá sun. Ẹni tó bá rí ìyẹn lójú ara rẹ̀, ẹ kò lè fi ìwé jà á níyàn. Nígbà tó kú ní 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n gbé e wá sin.

Ẹ wá wo ẹ̀yìn díẹ̀ sí i. Àwùjọ aládùúrà tó ṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú (influenza) ń pa ènìyàn káàkiri ayé. Kò sí òògùn tó lè wo lùkúlùkú nígbà náà, ilé ìwòsàn òyìnbó ò ní i, babaláwo ò ní i. Ẹni tó gbàdúrà nígbà yẹn kò fi ìwòsàn kankan sílẹ̀ kó tó gbà á. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn sí òde òní.

Àbúrò mi obìnrin ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Òògùn tó ń lò ń ṣiṣẹ́ fún un. Wòlíì kan, tí mi ò ní dárúkọ òun tàbí ìjọ rẹ̀, sọ fún un pé ó ti gba ìwòsàn, pé bó bá tún gbé òògùn sẹ́nu, iyèméjì ló fi hàn. Ó da òògùn náà nù. Kí ọdún tó yí po, rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún, kò sì lè sọ̀rọ̀ já gaara mọ́. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wòlíì náà kò wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ìgbà náà, nígbà tí àwọn mọ̀lẹ́bí sì kó ara wọn jọ láti bá a wí, èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ta ló yẹ ká bá wí nínú ọ̀rọ̀ yẹn?

Ẹnìkan bi mí bóyá sáyẹ́ǹsì ti dán àdúrà wò rí. Ó ti dán an wò. Ní 2006, Herbert Benson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí jáde lórí 1,802 aláìsàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ní ilé ìwòsàn mẹ́fà. Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kìíní kò mọ̀ bóyá wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn, wọ́n sì ń gbà á: 52 nínú 100 ló ní ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹgbẹ́ kejì kò mọ̀, wọn kò sì gbàdúrà fún wọn: 51. Ẹgbẹ́ kẹta mọ̀ dájú pé wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn: 59. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àyà ló já àwọn wọ̀nyẹn, pé àìsàn wa mà le o, tí wọ́n fi ní ká máa gbàdúrà.

Èmi ka èsì yẹn, mo sì ń gbàdúrà fún àbúrò mi láràárọ̀. Ẹnìkan níhìn-ín ní ọ̀rọ̀ méjèèjì tako ara wọn. Kò tako ara wọn lójú mi. Mi ò gbàdúrà kí n lè fi iye ẹni tó yè wọn Ọlọ́run. Òògùn rẹ̀ náà ni mo sì ń rà lóṣooṣù.

* * *

Ẹni tó ní owó ìdámẹ́wàá àti ọkọ̀ bọ̀gìnnì pásítọ̀ ló lé àwọn ọ̀dọ́ lọ: bẹ́ẹ̀ ni, ó lé wọn kúrò nínú ìjọ. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń kígbe Jésù bí ọkọ̀ bá fẹ́ dànù. Kíkúrò lọ́dọ̀ pásítọ̀ àti kíkúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ọ̀ràn kan náà.

* * *

Ìyá ọmọ náà ti padà wá. Ó ní òun bi í léèrè bí mo ṣe sọ, ó sì dá òun lóhùn. Ó ní ọ̀rọ̀ Ẹmùré ni.

Gbogbo wa la rántí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2024, àwọn agbébọn jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Ẹmùré-Èkìtì. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì. Gbogbo ilẹ̀ yìí gbààwẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ náà jáde. Wọ́n ti pa awakọ̀ wọn.

Ìyá ní ìjọ àwọn ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n jó, wọ́n ní Ọlọ́run gbọ́ àdúrà. Ọmọ náà bi òun pé ti awakọ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò gbàdúrà nílé tirẹ̀ ni? Ọmọ náà ní òun bi olùkọ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyẹn sì ní kí ó má bi Ọlọ́run léèrè.

Mà, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè ọmọ burúkú. Ẹni tó bá bìkítà fún ilé awakọ̀ ló lè béèrè rẹ̀. Jóòbù béèrè rẹ̀, Ọlọ́run kò sì pa á. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1755, ilẹ̀ mì ní Lisbon ní Pọ́túgà lásìkò tí àwọn ènìyàn kún ṣọ́ọ̀ṣì fún àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́, òrùlé sì wó pa wọ́n lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n Yúróòpù fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lórí rẹ̀, àwọn kan nínú wọn kò sì padà gba ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Mi ò ní ìdáhùn tó lè tẹ́ aya awakọ̀ lọ́rùn, ẹni tó bá ní i kó gbé e lọ fún un ní Ẹmùré kó tó gbé e wá bá wa níhìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìdúpẹ́ tí kò dárúkọ ẹni tó kú kò pé. Bí ìjọ yín bá ti dá orin dúró díẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n dáwó fún ilé rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín ṣì jókòó láàárín yín.

* * *

Bàbá kan ní: “Bí Ọlọ́run kò bá sí, kí ni mo pàdánù pé mo sìn ín? Bó bá sì wà ńkọ́?” Pascal, ọmọ Faransé, ti sọ ohun tó jọ ọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Olùfọkànsìn ìṣẹ̀ṣe kan láti Ìkẹ́rẹ́ dá a lóhùn lẹ́sẹ̀ kan náà pé bó bá jẹ́ Olósunta, òrìṣà ìlú wọn, ló wà ńkọ́, tí ẹ ti ń pe òkè rẹ̀ ní òkè èṣù? Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí bú u.

Ẹ dákẹ́ bíbú u. Ó ti mú bàbá wa níbi tó yẹ. Ẹni tó bá ní kí a gbà nítorí ẹ̀rù gbọ́dọ̀ sọ irú ẹ̀rù tí ọmọ mùsùlùmí, ọmọ ìjọ àti ọmọ Olósunta yóò jọ bẹ̀rù. Kò lè sọ ọ́. Èmi ò sì rò pé Ọlọ́run tó mọ inú ń fẹ́ ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ orí òkè: bí ọmọ náà bá fẹ́ lọ, ẹ mú un lọ. Bí kò bá fẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dè é, kí wọ́n nà án, tàbí kí wọ́n febi pa á ní orúkọ ìtúsílẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, àpá ẹgba wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì padà gbàgbọ́. Kí bàbá náà tún mọ̀ pé abala 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan láti yí i padà.

Àwọn tó ní ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run kò lè ṣe rere, ẹ bi àwọn tó jáde ní Mayflower. Iṣẹ́ ọwọ́ ni Solarin fi tọ́ wọn, ó sì lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó sọ òótọ́ fún ìjọba. Ẹ wá ka iye onígbàgbọ́ tó ń jí owó ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbé ìyá àgbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kó padà wá gúnyán. Bí ẹ bá ń gbàdúrà alẹ́, kó jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ̀yin náà má fi àdúrà sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Ilé yóò gbà yín.

* * *

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin sáyíkọ́lọ́jì yẹn: “Ẹ ti gba ẹ̀rí gbogbo kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yín. Kí ló kù tí ẹ̀yin fi gbà?”

Ó tọ́ kó béèrè. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn òbí kan kó owó jọ nígbà ìdánwò àṣekágbá kí a lè bá àwọn ọmọ wọn kọ ìdáhùn sójú pátákó. Àwọn olùkọ́ yòókù ti gbà. Gbèsè wà lọ́rùn mi, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Mi ò lè mú owó náà. Ẹnìkan ń bá mi wí nínú mi, kò fara mọ́ àwáwí mi, bẹ́ẹ̀ mo wá àwáwí gidi. Ẹ̀yin yóò sọ pé ẹ̀rí-ọkàn ni, pé ohùn ìyá mi ni mo gbé wọnú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyá mi ì bá gba owó yẹn fún mi, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mi wí lọ́jọ́ náà le jù ú lọ, ó sì tún ṣàánú jù ú lọ, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Bí èyí kò bá tó fún yín, mi ò ní fi agbára mú yín gbà á.